Ìyá Oníhóró Ń Wá Ibi Ìkọ́ṣẹ́

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Mo ti parí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọmọ ọmọ mi lónìí. Mo bá ọ̀gá ilé ìwòsàn ńlá sọ̀rọ̀ lójúkojú, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kí n lọ fọkàn balẹ̀. Èmi tí mo sá kúrò nílé ìwé lọ́jọ́ tí tíṣà fẹ́ nà mí, èmi náà ni mo lọ wá iṣẹ́ fún ẹni tó jáde ní yunifásítì.

Mo ka ohun tí mo kọ sókè yìí, ẹ̀rín pa mí. Ọ̀gá tí mo wí, ọ̀gá ẹnu géètì ni. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́ lóòótọ́, nítorí pé mo fún un ní sìgá. Kò sì sọ pé kí n fọkàn balẹ̀. Ohun tó sọ ni pé, "Bàbá, ẹ kúrò lójú ọ̀nà, mọ́tò ń bọ̀." Ṣùgbọ́n ó gba orúkọ ọmọ náà, ó ní òun á dárúkọ rẹ̀ bí òun bá rí ẹni tó yẹ. Ìyẹn náà kì í ṣe kékeré.

Ti àkọ́kọ́ yẹn ni mo sọ fún wọn nílé. Inú ọmọ mi obìnrin dùn, ó dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró. Ọmọ rẹ̀, apoògùn wa, bi mí pé, "Bàbá àgbà, ọ̀gá wo nìyẹn?"

Mo ní, "Ìyá Oníhóró, ṣé gbogbo ọ̀gá tí mo bá bọ̀ lọ́wọ́ ni mo gbọ́dọ̀ béèrè orúkọ bàbá rẹ̀?"

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Òjò láti àárọ̀. Gáàsì tún ti gbówó lórí. Ẹ̀wà la fẹ́ sè, ẹ̀wà ò sì mọ̀ pé gáàsì wọ́n, ó kọ̀, kò rọ̀.

Nídìí oúnjẹ, mo ní kí Ìyá Oníhóró ṣàlàyé fún mi, pẹ̀lú gbogbo ìwé tó kà yẹn, kí gan-an ni apoògùn lè ṣe yàtọ̀ sí kó máa ka hóró oògùn sínú ọ̀rá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà wọ́n.

"Bàbá àgbà, ilé ìwòsàn wà. Ṣọ́ọ̀bù oògùn wà. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe oògùn wà, èèyàn lè máa bá wọn ṣe é, ó sì lè máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó péye. Àwọn tó ń gbé báàgì lọ bá dókítà láti polówó oògùn wà. Àwọn tí ìjọba ń rán láti lọ mú ayédèrú oògùn náà wà. Èèyàn sì lè padà sí yunifásítì, kó máa kọ́ àwọn mìíràn."

"Kí àwọn yẹn náà lè wá jókòó sílé bíi tìẹ."

Ìyá rẹ̀ ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo kàn ń béèrè ni."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó kó ìka rẹ̀ sábẹ́ tábìlì. Ó ní gbogbo ọ̀nà yẹn ló ní ilẹ̀kùn, ìwé àṣẹ sì ni kọ́kọ́rọ́ wọn. Kí wọ́n tó fún èèyàn ní ìwé àṣẹ, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọdún kan kọ́ṣẹ́ lábẹ́ apoògùn àgbà. Ẹni tí kò bá rí ibi ìkọ́ṣẹ́ títí oṣù keje fi parí, ìgbìmọ̀ àwọn apoògùn ò ní gba orúkọ rẹ̀ mọ́, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ó ti kọjá lórí òun lẹ́ẹ̀kan. Bó bá tún kọjá lọ́dún yìí, wọ́n á ní kí òun padà wá ṣe ìdánwò àṣekágbá látìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí kò kàwé rí.

Mo ní, "Yàrá wà ní títì, inú yàrá ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ẹni tó ro èyí, ó jọ pé èmi àti ẹ̀ la jọ ń mutí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Ilé ìwòsàn ńlá ti lẹ orúkọ àwọn tí wọ́n mú. Tirẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ó ní ẹnì kan rí orúkọ tirẹ̀, ó pariwo, ni àwọn tó kù bá sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń wúkọ́.

Ọmọ mi ní, "Bàbá, ẹ padà lọ bá ọ̀gá yín ti ìgbà yẹn."

Mo ní ó ti rìnrìn àjò.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń polówó oògùn. Ọkùnrin tó fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ò béèrè oògùn kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kó dìde, kó rìn lọ sídìí fèrèsé, kó rìn padà. Ó ní kó rẹ́rìn-ín. Ó wá ní, "Ṣé bó o ṣe máa ń rín in nìyẹn? Dókítà wo ló máa fún ẹ láyè wọlé?"

Ìdí oúnjẹ ló ti ń sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. Mo ní kó rín in fún èmi náà kí n wò ó, bóyá ọkùnrin yẹn ló jàre. Ó dìde nídìí oúnjẹ, ó wọ yàrá.

Ọmọ mi ní, "Bàbá, ẹnu yín yìí, ẹ ò lè jẹ́ kó sinmi."

Mo mú ẹran tó fi sílẹ̀, mo jẹ ẹ́. Ẹran ò lọ́wọ́ nínú ìjà wa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Orúnkún ọ̀tún ń dùn mí. Búrẹ́dì wọ́n sí i, ó tún kéré sí i. Láìpẹ́, afẹ́fẹ́ àárín rẹ̀ nìkan la ó máa rà.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Mọ́tò méjì ni ọmọ náà wọ̀ kó tó dé ilé iṣẹ́ oògùn tó wà lẹ́yìn ìlú. Wọ́n fi fìlà ọ̀rá bò ó nírun, wọ́n mú un káàkiri, ó rí ẹ̀rọ tó ń tẹ hóró jáde bí yìnyín. Ojú rẹ̀ ń dán bó ṣe ń ròyìn rẹ̀ fún wa. Ìgbà tí wọ́n mú un káàkiri tán ni wọ́n tó sọ fún un pé àyè kan ṣoṣo tó wà, àna ọ̀gá ló máa gbà á.

Mo ní, "Kí ni wọ́n wá ń mú ẹ káàkiri fún?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá àgbà."

"Èmi mọ̀. Kó lè dùn ẹ́ dáadáa ni."

Ó gbé fìlà ọ̀rá náà wálé. Mo dé e, mo dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo ń pàṣẹ fún un pé kó tẹ hóró jáde kíá. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Ilé yìí ti di ilé ọ̀fọ̀, kò sì sẹ́ni tó kú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ó rí ibì kan. Òun fúnra rẹ̀ ló wá a, mi ò ní sọ pé èmi ni. Ṣọ́ọ̀bù oògùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ báǹkì ni. Obìnrin tó ni ín jẹ́ apoògùn àgbà, ó sì ti lẹ ìwé mọ́ gbogbo nǹkan tó wà níbẹ̀: má fọwọ́ kàn án, má fara ti gíláàsì, má jókòó síbí. Mo ti sọ ọ́ ní Ìyá Má-Fọwọ́-Kàn-án.

Wọ́n ti ṣàdéhùn. Kí ọmọ wa máa bọ̀ wá ṣiṣẹ́, kí òun máa wò ó. Bó bá tẹ́ òun lọ́rùn, ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù keje, òun á fọwọ́ sí i fún ìgbìmọ̀ pé ọ̀dọ̀ òun ló ti máa kọ́ṣẹ́. Bí kò bá tẹ́ òun lọ́rùn, ó mọ ọ̀nà ilé.

Ìyá rẹ̀ fi aṣọ ibùsùn rán kóòtù funfun fún un. Mo ní ó jọ òkú tó pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó pẹ́ níbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ọmọ yìí ò lè ṣa ẹ̀wà bí èèyàn mọ́. Ó tẹ́ ẹ sínú àwo, ó ń fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ fà á ní márùn-ún márùn-ún, bí wọ́n ṣe ń ka hóró ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ní ká kọ ọ́ sára ìkòkò: ẹ̀wà mẹ́wàá láàárọ̀, mẹ́wàá lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ.

Lónìí òun náà rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ó sọ fún wa pé Ìyá Má-Fọwọ́-Kàn-án máa ń rán èèyàn wá dán wọn wò. Ẹni náà á wọlé bí oníbàárà, á máa sunkún, á ní òun fẹ́ oògùn ìrora líle, òun gbàgbé ìwé dókítà sílé. Ẹni tó bá ṣàánú rẹ̀, iṣẹ́ ti tán nìyẹn. Ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú ọmọ wa, ìyá arúgbó kan tó ń sunkún eyín ló lé e lọ, eyín ọ̀hún ò sì dun ìyá náà rárá.

Mo ní obìnrin yẹn gbọ́n. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún oṣù keje

Wọ́n ti dán an wò. Obìnrin kan wọlé, ó di ẹ̀gbẹ́ mú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀ fún un. Ó bẹ̀ ẹ́ títí, ọmọ wa ò fún un. Obìnrin náà bá nàró, ó nu ojú, ó lọ. Ìyá Má-Fọwọ́-Kàn-án jáde láti yàrá ẹ̀yìn, ó ní, "O ṣe é." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ wa gbé e wálé bí ẹni gba ife ẹ̀yẹ, ó sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, ó tún un sọ.

Mo ní, "Tó bá jẹ́ èmi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin náà á mú ìwé dókítà wá, Bàbá àgbà."

"Èmi tí mo gbé ẹ pọ̀n?"

"Ìgbà wo? Ìyá àgbà ló gbé mi pọ̀n. Ẹ̀yin, ẹ máa ń sọ pé mò ń rùn."

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn méjèèjì fi mí rẹ́rìn-ín nínú ilé tí mo kọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Mo ròyìn fún ọ̀rẹ́ mi, Awakọ̀, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wa ọkọ̀ akẹ́rù, tí kò sì rí nǹkan kan kó jọ ju irunmú lọ. Ó ní, "Kò ní fún ẹ. Ọmọ yẹn le ju ẹ lọ."

A ta tẹ́tẹ́. Bí ọmọ náà bá fún mi ní oògùn líle láìsí ìwé dókítà, Awakọ̀ á fá irunmú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí kò bá fún mi, màá máa pe Awakọ̀ ní bàbá mi lójú àwọn èèyàn títí ọdún á fi parí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Mo jẹ tẹ́tẹ́ náà.

Orúnkún ràn mí lọ́wọ́. Ó ti ń dùn mí díẹ̀ tẹ́lẹ̀, èmi ni mo fi ìyókù kún un. Awakọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń dúró de onígbàjámọ̀, èmi sì fọwọ́ ti ògiri wọlé, mo jókòó gbàgà sórí àga tí wọ́n kọ má jókòó sí. Èèyàn wà níbẹ̀ dáadáa. Ọmọ náà sáré jáde lẹ́yìn káńtà, ó kúnlẹ̀ tì mí, ó rọra ní, "Bàbá àgbà, kí ló dé?"

Mo ní mo ṣubú ní balùwẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n pe Mọ́mì, kí a gbé yín lọ sílé ìwòsàn."

"Ẹsẹ̀ yìí ò lè gbé mi débẹ̀. Fún mi ní hóró méjì nínú èyí tó le, kí n lè rí okun fi dìde."

"Mi ò lè fún yín. Bàbá àgbà, ẹ mọ̀ pé mi ò lè fún yín."

Mo jẹ́ kí omi bọ́ lójú mi, mo sì pe orúkọ ìyá àgbà rẹ̀, pé ká ní ó wà láyé ni, ìyà yìí ì bá má jẹ mí. Ó wo ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn. Ó tún wo orúnkún mi, ó fọwọ́ kàn án wò. Ó dìde, ó lọ, ó mú hóró méjì bọ̀ nínú páálí kékeré. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀ náà, ó kọ ọ̀rọ̀ sí i lára. Ó ní, "Ẹ jẹun kí ẹ tó lò ó."

Awakọ̀ ti wá di ẹni tí kò ní irunmú.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ọmọ náà wọlé, ó ní wọ́n ti lé òun. Obìnrin yẹn mọ̀. Bó ṣe mọ̀, èmi ò lè sọ, bóyá ó ka hóró nígbà tí wọ́n fẹ́ tilẹ̀kùn, ó sì rí i pé méjì dín. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ìkà ni. Nítorí hóró méjì.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Láti àárọ̀ ni ìyá rẹ̀ ti ń bá a jà.

"Ta ni ọkùnrin náà?"

"Bàbá arúgbó kan ni, Mọ́mì."

"Arúgbó kan. O mọ̀ pé wọ́n ń dán yín wò. Ìwọ lo fẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún wa níbí. O wá kó gbogbo ìyà tí mo jẹ lórí ẹ̀rọ yìí fún arúgbó kan tí o kò mọ̀ rí."

"Ó ń sunkún."

"Èmi ò mọ ẹkún sun ni?"

Mo wà níbẹ̀, mò ń mu tíì. Mo ní, "Àwọn arúgbó burú."

Ọmọ náà gbé ojú sókè, ó wò mí, ó sì gbé ojú padà sínú àwo rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ọmọ mi ní kí n wọ aṣọ tó dáa, kí a jọ lọ bẹ Ìyá Má-Fọwọ́-Kàn-án. Ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ní orúnkún ń dùn mí.

"Orúnkún tí ẹ fi rìn lọ sọ́dọ̀ Awakọ̀ lánàá?"

Ọmọ náà ló ti yàrá dáhùn. "Mọ́mì, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Orúnkún ń dùn wọ́n. Mo ti fọwọ́ kàn án wò." Ó jáde wá síwájú mi. "Bàbá àgbà, ṣé kí n bá yín wá nǹkan lò sí i?"

Mo ní rárá.

Ìyá rẹ̀ dá lọ. Nígbà tó dé, ó ní obìnrin náà ò le tó bí a ṣe rò. Ó ní ọmọ náà mọṣẹ́, ṣùgbọ́n òun ò mọ irú ilé tó ti wá. Kí àgbà ilé rẹ̀ wá, kó wá dúró fún un lójú òun, òun á gbà á padà. "Bàbá, ẹ̀yin nìkan ló kù. Ẹ dúró síbẹ̀ lásán, èmi ni màá sọ̀rọ̀."

Mo ní kó jẹ́ kí orúnkún yìí rọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ogúnjọ́

Lójoojúmọ́ ni ọmọ mi ń bi mí nípa orúnkún. Ó gbé omi gbígbóná wá, ó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi aṣọ jó o. Omi náà ń jó mi, mi ò lè sọ ọ́.

Mo sá lọ sọ́dọ̀ Awakọ̀. Ètè òkè rẹ̀ funfun bí ikùn ẹja. Mo fẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀, kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé o ti lọ?"

"Orúnkún mi..."

"Má sọ ti orúnkún fún mi, mo wà níbẹ̀. Èmi ti fá tèmi. Ìwọ, kí lo fá?"

Mo ní, "Awakọ̀, ọ̀rọ̀ awàdà ni."

Ó ní kí n máa lọ sílé, oorun ń kùn òun. Àárọ̀ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ọmọ náà ti lọ sí ilé ìwòsàn kéékèèké káàkiri. Kò sí. Ìyá rẹ̀ ò bi mí nípa orúnkún mọ́. Òjò.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Oṣù parí. Wọn ò gba orúkọ rẹ̀. Kò sunkún. Ó to oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi sórí tábìlì bó ṣe máa ń ṣe, ó fi ife omi tì í, ó lọ sùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ

Ó ti ríṣẹ́. Ó ń ta ọṣẹ àti ìpara ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan, ó ń dúró láti àárọ̀ títí di alẹ́, wọn kì í jẹ́ kí wọ́n jókòó. Bó bá di ọdún tó ń bọ̀, yóò tún ìdánwò àṣekágbá ṣe, bí agbára bá ká a. Mi ò pè é ní Ìyá Oníhóró mọ́. Kò sẹ́ni tó ní kí n má pè é bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo kọ ní ọjọ́ kọkànlá kì í ṣe òótọ́. Kò sẹ́ni tó ka hóró. Obìnrin yẹn wà ní yàrá ẹ̀yìn, kò rí wa, kò gbọ́ wa, ì bá má sì mọ̀ láéláé. Ìgbà tí ọmọ náà fi oògùn lé mi lọ́wọ́ ni mo fò dìde lórí àga, mo gbé e sókè, mo ké sí Awakọ̀ pé kó lọ fá a. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì jó díẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń wò mí. Ẹ̀rín yẹn ló mú obìnrin náà jáde.

Ó rí mi lórí ẹsẹ̀ méjèèjì pẹ̀lú oògùn lọ́wọ́. Ó bi ọmọ náà pé ìwé dókítà dà. Èmi ni ọmọ náà ń wò, ó ń retí kí n sọ ọ́. Obìnrin náà wá yíjú sí mi. Kò tiẹ̀ pariwo. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ mọ ọmọ yìí ni?"

Bí mo bá ní ọmọ ọmọ mi ni, pé èmi ni mo wá tàn án, orí mi ni ìbínú rẹ̀ ì bá bọ́ sí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn, kì í ṣe pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rò ó. Ojú ló tì mí níwájú àwọn èèyàn, lẹ́yìn ijó tí mo ti jó. Mo ní, "Rárá o. Mi ò mọ̀ ọ́n rí." Ìdí tí mi ò fi lè lọ bẹ̀ ẹ́ nìyẹn, torí yóò dá mi mọ̀.

Mo fi oògùn náà sórí káńtà, mo jáde. Ọmọ náà gbọ́ ohun tí mo sọ. Kò pè mí padà.